ND ti parí, IT ló kàn: bó o ṣe máa lo ọdún kan yẹn ní Ìlọrin àti Ọ̀fà tí ọwọ́ rẹ á fi mọ iṣẹ́

Ìbéèrè kan náà làwọn ọmọ pólì ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n ti ṣe IT?" IT ni kí ọmọ ilé ìwé lọ ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ohun tó kà. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ kò tíì pé. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, kí lo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ lè dá ṣe láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tí ọdún yẹn bá fi máa parí? Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn, ibi tó máa lọ ò ní fi bẹ́ẹ̀ nira mọ́. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, bó ríbi wọ ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ní Kwara pàápàá, búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni wọ́n á máa rán an lọ rà láti January dé December.

Ọmọ Kwara Poly àti ọmọ Federal Poly Ọ̀fà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àtẹni tó ń kàwé níbòmíì àmọ́ tó fẹ́ wálé wá ṣe IT ní Ìlọrin tàbí apá gúúsù Kwara. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀.

Kọ́kọ́ mọ èyí tó wà níwájú rẹ

Nǹkan méjì làwọn èèyàn ń pè ní IT, wọ́n sì ń da wọ́n pọ̀:

- SIWES oṣù mẹ́rin: inú ND (ọdún méjì àkọ́kọ́ ní pólì) ló wà, ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ń bojú tó o, o máa ní lọ́ọ̀gìbúùkù (ìwé tó o máa ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí), fọ́ọ̀mù SPE-1 tí ibi iṣẹ́ máa kọ́kọ́ bá ọ kọ, àti Form 8 ní ìparí. Tó o bá fi fọ́ọ̀mù ṣeré, orúkọ rẹ lè má sí nínú àwọn tó ṣe é rárá.
- IT ọlọ́dún kan: ẹ̀yìn ND ni, kó o tó wọ HND (ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ní pólì). Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá a, ìwọ lo máa mú lẹ́tà jáde níbẹ̀, nítorí ilé ìwé máa béèrè lẹ́tà náà nígbà tó o bá fẹ́ gba àyè HND.

Ẹ̀kejì ni mò ń sọ jù níbí, torí òun ló gùn, òun náà sì làwọn èèyàn ń fi ṣòfò jù. Kí n tún fi kún un: Lower Credit, ìyẹn èsì ND tó jẹ́ 2.50 sókè, pẹ̀lú ọdún kan IT, ni wọ́n sábà máa ń béèrè fún HND. Tí tìẹ bá jẹ́ Pass, 2.00 sí 2.49, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, nítorí náà má lọ sáré gba lẹ́tà ọdún kan kó o wá dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dá ọ padà. Lọ bi ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ilé ìwé tó o fẹ́ wọ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ inú họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Kó o tó jáde nílé

Oṣù mẹ́ta kó o tó kọ ìdánwò ìparí ND2 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá dúró dìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ bá tú síta lẹ́ẹ̀kan náà, àyè á ti kún.

Kó àwọn wọ̀nyí sínú fáìlì kan:

- lẹ́tà láti dìpátímẹ́ǹtì tàbí ọ́fíìsì SIWES ilé ìwé rẹ, ẹ̀dà márùn-ún ó kéré tán
- CV ojú ewé kan ṣoṣo (ojú ewé mẹ́ta ti kí? iṣẹ́ wo lo ti ṣe?)
- ẹ̀dà èsì ND tàbí èyí tó wà nílẹ̀, àti káàdì ìdánimọ̀
- fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin
- nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé, kí orúkọ àti fọ́tò WhatsApp rẹ sì jẹ́ èyí tí ọ̀gá lè rí tí ò ní rẹ́rìn-ín

Kọ gbólóhùn kan sílẹ̀

Kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ o. Gbólóhùn kan ni, tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Tí ọdún yìí bá parí, màá lè dá…"

- Electrical: "…dá fa wáyà ilé yàrá mẹ́ta láti mítà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n sì so sólà kékeré mọ́ ọn."
- Civil tàbí Building: "…dá ka pílánì, kí n ṣírò iye búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì tí ilé kan máa jẹ, kí n sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọn ilẹ̀."
- Accountancy: "…dá fi sitétímẹ́ǹtì bánkì wé ìwé ọjà ṣọ́ọ̀bù kan lórí Excel, kí n rí ibi tí owó ti sọ nù."
- Mass Com: "…dá ya fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí n gé e, kí n sì ka ìròyìn Yorùbá kó já geere."
- SLT (Science Laboratory Technology): "…dá ṣe àyẹ̀wò omi, pH rẹ̀ àti bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí n sì kọ èsì rẹ̀ bó ṣe yẹ."

Tó ò bá lè kọ gbólóhùn yìí, má tíì lọ wá ibi kankan. Bi léktọ́rà kan tó o fọkàn tán, tàbí ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, pé kí ni wọ́n ń san owó fún lóde báyìí. Mo rí ọ̀pọ̀ ọmọ Computer Science tó ní "programming" lòun fẹ́, tí ò lè ṣí kọ̀ǹpútà kó yọ RAM jáde. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì, programming tàbí títún kọ̀ǹpútà ṣe, kó o mọ̀ ọ́n dáadáa, ìkejì á tẹ̀ lé e.

Ibo la lè lọ wò?

Àwọn tó wà nítòsí wa nìyí, kó o fi mọ̀ pé Èkó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wà.

Tó o bá jẹ́ ọmọ Agric Engineering tàbí Mechanical, NCAM wà ní Ìdófìàn, lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹ̀rọ oko ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n sì ń dán wò níbẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn náà ni ARMTI wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣàkóso oko àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ni tiwọn pọ̀ jù, àwọn ọmọ Business Admin àti Agric Extension ló bá mu. NSPRI tó ń rí sí ìtọ́jú irè oko kó má bàjẹ́, Ìlọrin ni olú ilé iṣẹ́ wọn, ọmọ SLT àti Food Tech ẹ má fò ó. Ọmọ Civil, ẹ wo Lower Niger River Basin (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí odò àti omi oko), ministry tó ń rí sí iṣẹ́ òde, àti àwọn kọ́ńtírátọ̀ tó ń ṣe títì. Ọmọ Mass Com, Radio Kwara àti NTA Ìlọrin ń bẹ, àwọn rédíò aládàáni náà sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ, oògùn àti irin náà wà nílùú, ibẹ̀ ni ọmọ Electrical àti Mechanical ti máa rí ẹ̀rọ ńlá tí kò sí ní láàbù ilé ìwé.

Tèmi ni pé, má fojú pa ṣọ́ọ̀bù kékeré rẹ́. Oníná kan ní Gàá-Akànbí tó ń fa wáyà ilé méjì lóṣù, tó sì jẹ́ kí o di pláyà mú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sàn fún ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ju ọ́fíìsì alámúlétutù tí wọ́n ti fi ọ́ síbi ìwé àwọn àlejò lọ. Ohun kan ṣoṣo tó o gbọ́dọ̀ wádìí ni bóyá ṣọ́ọ̀bù náà ní orúkọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì àti sítáǹpù, kí ilé ìwé má bàa dá lẹ́tà rẹ padà. Bi wọ́n ní ilé ìwé tẹ́lẹ̀.

Bó o ṣe máa tọrọ àyè

1. Lọ láàárọ̀, láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé ọwọ́ wọn dí, ọ̀sán Jímọ̀ ní Ìlọrin sì rèé, o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tìẹ.
2. Kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáadáa. Sikiọ́rítì àti akọ̀wé ló máa sọ fún ọ bóyá ọ̀gá wà lóòótọ́.
3. Tó o bá rí ọ̀gá, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ, kó o sọ̀rọ̀ ṣókí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ Kwara Poly ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND Electrical. Ibi tí màá ti ṣe IT ọdún kan ni mò ń wá. Fífa wáyà àti sólà ni mo fẹ́ mọ̀ dáadáa. Lẹ́tà mi rèé sà, mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀."
4. Dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro ilé yín fún wọn.
5. Tí wọ́n bá ní kó o fi lẹ́tà sílẹ̀, bi wọ́n pé ọjọ́ wo lo lè padà wá, kó o sì padà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń sùn sórí tábìlì nítorí pé ẹni tó ni ín ò padà.
6. Kí o tó gbà, béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Iṣẹ́ wo ni màá máa ṣe? Ta ló máa kọ́ mi? Ṣé màá lè gba lẹ́tà ní ìparí? Owó ńkọ́, kódà owó ọkọ̀?

Nípa owó: ọ̀pọ̀ ibi ò ní san nǹkan kan, àwọn míì á fún ọ ní ìwọ̀nba. Ṣírò kó o tó gbà. Ká ní ọkọ̀ láti Tánkẹ́ dé ibi iṣẹ́ jẹ́ ₦600 lọ, ₦600 bọ̀, tó o sì ń lọ ní ọjọ́ 22 lóṣù, ₦26,400 nìyẹn, oúnjẹ ò tíì sí ńbẹ̀ o. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ jáde pé èyí lagbára wa gbé. Ọmọ tó ń fi ìtìjú pa á mọ́ra ló ń pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tọ́rọ̀ á wá di pé "ọmọ yìí ò ṣe dáadáa." Bí ibi tó dáa bá jìnnà, bẹ̀ wọ́n kó o máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin, kó o fi ọjọ́ tó kù ṣe nǹkan tó ń mówó wọlé.

Oṣù àkọ́kọ́

Wọ́n á rán ọ níṣẹ́, ìyẹn ò sí àní-àní. Gbálẹ̀, ra omi, gbé àkàbà. Ṣe é, má fajú ro. Àmọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tó jẹ́ ìránṣẹ́ nìkan ló ń lọ, lọ bá ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ kó o sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan báyìí, ẹ lè sọ fún ẹni tí màá máa tẹ̀ lé." Orúkọ iṣẹ́ pàtó ni kó o dá. "Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́" ò tó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn máa wò kó má fọwọ́ kàn án. Ojú lásán kì í kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ṣe ẹ̀ẹ̀kan, sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó o ṣe èkejì níwájú wọn.

Ìkejì: fóònù. Tó o bá fẹ́ ya fọ́tò iṣẹ́, gbàṣẹ, yà á, fi pamọ́. Má gbé ojú oníbàárà tàbí ìwé ilé iṣẹ́ sórí Facebook.

Ewu, ẹ má fi ṣeré

- Iná: pa meinì, fi tẹ́sítà wò ó, kó o tó fọwọ́ kàn án. Pé NEPA mú iná lọ kò túmọ̀ sí pé wáyà ti kú, aládùúgbò lè tan jẹ́nẹ́rétọ̀, ínfátà lè wà lórí rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì sólà sì ń mú iná jáde níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń ràn, kò ní bọ́tìnì tá a fi ń pa á.
- Wẹ́dà: má wo iná yẹn lójú lásán, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá. Lóru ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́ bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i.
- Láàbù: ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, wọn kì í da omi sínú ásíìdì. Tó o bá yí i padà, ó lè hó kó ta sí ọ lójú.
- Sáìtì: bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Àsìkò Ramadan, tó o bá ń gbààwẹ̀, sọ fún ọ̀gá kí wọ́n fi iṣẹ́ orí àkàbà sí àárọ̀. Òòyì ò mọ alágbára.
- Ọ̀gá tó bá ń ní kó o wá bá òun lóru, tàbí tó ń fi lẹ́tà IT dẹ́rù bà ọ́ nítorí ara rẹ: fi ẹ̀rí WhatsApp pamọ́, sọ fún òbí àti ọ́fíìsì SIWES ilé ìwé rẹ, kó o sì kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà wà níbòmíì.

Lọ́ọ̀gìbúùkù: ibí ló ti ń bàjẹ́ jù

Ilé ìwé lè má fún ọ ní lọ́ọ̀gìbúùkù fún IT ọlọ́dún kan. Ra ìwé líle kan fúnra rẹ. Kọ ọ́ lójoojúmọ́, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, torí tó bá di ìparí oṣù, irọ́ lo máa fi kún un, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí ò dáa: "Ọjọ́ Ajé: a ṣe wáyà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: a tún ṣe wáyà."

Èyí tó dáa: "Ọjọ́ Ajé: a fa wáyà yàrá mẹ́ta ní Tánkẹ́. 1.5mm² fún iná, 2.5mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo so sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ọ̀kan ò ṣiṣẹ́. Mo fi mítà wò ó, wáyà níútírà ló ti bọ́. Mo pa meinì, mo tún un so, ó ṣiṣẹ́."

Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi kọ ọ́ o, torí súpáfáísọ̀, àmọ́ nǹkan márùn-ún yẹn ni kó o máa wá: ibo, irinṣẹ́ wo, apá wo ni ìwọ fúnra rẹ ṣe, kí ló bàjẹ́, báwo lẹ ṣe tún un ṣe. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tí wọ́n máa bi ọ́ nìyẹn níbi ìdánwò iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ò tíì rí ohun tó bàjẹ́ rí, kò tíì ṣiṣẹ́ rí ni.

Kí ọ̀gá fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má kó ọ̀sẹ̀ 20 jọ lọ síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan.

Tí wọn ò bá gbà ọ́ níbì kankan

Má jókòó sílé dúró de "connection". Ọ̀nà wà:

1. Lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́ bí ọmọ iṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ àdéhùn àti owó ìkọ́ṣẹ́ pọ̀, kó o ṣàlàyé pé ọdún kan lo ní, kì í ṣe mẹ́ta pẹ̀lú fírídọ̀mù. Tí ò bá ní lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì, wádìí bóyá ẹgbẹ́ wọn lè fọwọ́ sí i.
2. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ IVTEC wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, lọ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ àti iye rẹ̀.
3. Tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ nǹkan, wádìí nípa trade test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) tàbí sàtífíkéètì iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní NSQ, tí NBTE, àjọ tó ń rí sí àwọn pólì, ń bójú tó. Ohun tó o lè ṣe níwájú wọn ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gẹ́réèdì rẹ. Ọmọ ẹnjiníà, rántí pé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ń forúkọ tẹkiníṣíà tó ní ND àti tẹknọ́lọ́jíìsì tó ní HND sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ẹnjiníà yunifásítì nìkan.
4. Lọ bá oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba tàbí Ìpátà tí kì í kọ ọjà sílẹ̀, kó o bá a fi ìwé ọjà ṣe ètò fún oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Accountancy, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé ìṣirò inú ìwé àti ìṣirò àwìn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn tó o gbọ́dọ̀ sá fún: ẹni tó ń ta lẹ́tà IT láìjẹ́ pé o ṣiṣẹ́ (ilé ìwé lè pe nọ́ńbà orí lẹ́tà náà, ìwọ náà á sì wọ iṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sí i láìmọ nǹkan kan), ẹni tó ní kó o san owó fọ́ọ̀mù kó tó gbà ọ́, àti "iṣẹ́ ọ́fíìsì" tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́mínà, pẹ̀lú kó o mú èèyàn méjì wá. Ọjà ni wọ́n fẹ́ kó o máa tà.

Oṣù tó kẹ́yìn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni kó o ti béèrè lẹ́tà. Ọ̀gá lè rin ìrìn àjò, ó lè lọ hájì, mánéjà tuntun sì lè dé tí ò mọ̀ ọ́ rí.

Wo lẹ́tà náà kó o tó kúrò níbẹ̀:

- orúkọ rẹ bó ṣe wà lórí ND gẹ́lẹ́
- ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó o parí, kó pé oṣù 12
- ẹ̀ka tó o ti ṣiṣẹ́ àti ohun tó o ṣe
- ìbuwọ́lù, orúkọ, ipò, nọ́ńbà fóònù, sítáǹpù

Lẹ́yìn náà, tún CV ṣe. Pa "hardworking" àti "team player" rẹ́. Wọ inú lọ́ọ̀gìbúùkù rẹ, ka iye rẹ̀, kó o kọ ohun tó wà níbẹ̀: iye ilé tó o fa wáyà rẹ̀, iye àyẹ̀wò omi tó o ṣe, iye ìròyìn tó o kà. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré, kọ mẹ́ta. Fi fọ́tò mẹ́fà sínú fóòdà kan lórí fóònù àti lórí Google Drive, kí fóònù tó bá sọ nù má gbé iṣẹ́ ọdún kan lọ.

Kó o tó jáde, bi ọ̀gá bóyá o lè fi orúkọ àti nọ́ńbà wọn sí CV. Tí wọ́n bá gbà, máa kí wọn lójú ọdún, Iléyá àti Kérésì, kì í ṣe ọjọ́ tó o bá ń wá iṣẹ́ nìkan. Ya fọ́tò lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, kó o ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kó o sì fi ojúlówó rẹ̀ sọ́dọ̀ màmá rẹ.